Ọjọ́ Tí Abẹ́ Ulé Sán Àrá

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ létí Déolú pé Èkó lorin wà, ẹ̀rín ló máa ń pa á. Èkó kẹ̀? Èkó tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ lẹ ohùn bí ẹni ń lẹ táyà? Òkè-Ìmẹ̀sí lorin wà, ní ìsàlẹ̀ ìlú, lábẹ́ ilé Bàbá Joseph, níbi tí àjà ti wálẹ̀ débi pé bí orin bá wọ Mùbárákù lára tó fẹ́ fò sókè, àfi kó kọ́kọ́ jókòó. Àwọn tó mọ ibẹ̀ ń pè é ní Abẹ́ Ulé. Àwọn tí ò mọ̀ ọ́n, kí Ọlọ́run ṣàánú wọn.

Orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni wọ́n kọ́ ilé náà sí. Ẹni tó bá gba ojú títì wá, ilé ilẹ̀ ló máa rí. Ẹni tó bá gba ẹ̀yìnkùlé wá, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló máa rí. Yàrá ìsàlẹ̀ yẹn, tí ìdajì rẹ̀ wọnú ilẹ̀ lọ, ni Bàbá Joseph ń kó kòkó pamọ́ sí nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le. Nígbà tí kòkó dínkù, eku gba ibẹ̀. Déolú àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló gbà á lọ́wọ́ eku, bí Déolú bá sì ń sọ ìtàn ogun yẹn, eku ibẹ̀ ga tó ajá, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn, ọ̀gá wọn sì wọ bàtà.

Jórinjórin ni Déolú, ìlù ló ń lù. Fúnra rẹ̀ ló jó gbogbo ìlù rẹ̀ pọ̀: agolo ọ̀dà, páànù ara mọ́tò tó ti kú, ìdérí ìkòkò ńlá kan tí ìyá rẹ̀ ṣì ń wá títí dòní. Mùbárákù, tí bàbá rẹ̀ ṣí wá láti Ìkìrun wá ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ọ̀kadà ló ń gùn, gìtá béèsì ló ń ta. Àlàó ló ń kun ògiri. Ó ya àwọn òkè tó yí ìlú ká sí ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó yà wọ́n dé góńgó, débi pé ewúrẹ́ kan ṣèèṣì wọlé lọ́jọ́ kan, ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í lá koríko ara ògiri ni.

Ṣùgbọ́n Morìnsọ́lá ni olórí ọ̀rọ̀. Aramọkọ ló ti ń wá, aránṣọ ni. Ọmọ náà ò ga, kò sanra, kì í pariwo. Tó bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, àfi kéèyàn sún mọ́ ọn. Kó wá yanu sí orin. Háà! Àwọn adìyẹ ilé kejì á dákẹ́. Ẹni tí eyín ń ro á gbàgbé eyín. Ó fa ohùn kan lọ́jọ́ kan, ohùn náà gùn débi pé Mùbárákù gbé gìtá sílẹ̀, ó jáde lọ ra omi, ó mu ún, ó bá olómi ṣàwàdà, ó padà wọlé, ohùn náà ò tíì délẹ̀. Bí Déolú ṣe ń ròyìn rẹ̀ fáyé gbọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n níwájú Morìnsọ́lá fúnra rẹ̀, ohun kan ṣoṣo tó máa ń sọ fún un ni, "O gbìyànjú lónìí o."

Morìnsọ́lá á ní, "Ìwọ náà gbìyànjú. Ó kù díẹ̀ kí ariwo agolo ẹ di ìlù."

Bàbá Joseph ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ohun tó gbà ju owó lọ. Ọjọ́ tó fún wọn ní kọ́kọ́rọ́, ó na ọ̀pá sí pèpéle síméńtì ńlá tó wà lẹ́yìnkùlé, níbi tó ti ń sá kòkó, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ máa lù, ẹ máa kọ. Orúnkún mi ti kọṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ mi wà ní Àkúrẹ́. Bí òjò bá ṣú, tí kòkó mi sì wà níta, gbogbo ẹni tó bá wà lábẹ́ ulé mi, ẹni tó wá kọrin o, ẹni tó wá gbọ́ orin o, ẹni tó tiẹ̀ wá wá ìyàwó o, kó jáde lọ kó kòkó."

Bó ṣe di òfin nìyẹn. Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n máa ń ṣeré, àwọn èèyàn á sì wá láti Ìjerò, láti Ìpótì, láti Ẹ̀fọ̀n: àwọn akéwì tí ò rí ibi ka ewì wọn, àwọn ayàwòrán, àwọn tí òbí wọn rò pé lẹ́sìnnì ni wọ́n lọ. Wọ́n á jókòó pẹ́kípẹ́kí sórí àpò òfìfo. Àrá á kù lókè Ẹ̀fọ̀n lọ́hùn-ún, kò tíì dé ìlú rárá, orin á dá gé bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Kò sẹ́ni tó ń pe ẹnì kan. Morìnsọ́lá á gbé máíkì sílẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀, akéwì á ki ewì bọ àpò, gbogbo wọn á tú jáde. Àwọn kan á gbá kòkó jọ, àwọn kan á di ẹnu àpò mú, àwọn kan á fa tapólì bò ó. Arábìnrin kan wá láti Ìjerò pẹ̀lú bàtà gogoro, ìdí kòkó ló ti bọ́ ọ. Nígbà tó tún máa wá, silípáàsì ló wọ̀, ó sì ti fi gèlè gbàjá láti ilé. Ìgbà tó yá, bí ẹni ń bá òjò sáré ìje ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Òjò fúnra rẹ̀ á dé, á bá síméńtì lófìfo, ojú á sì tì í.

Lẹ́yìn ìyẹn ni orin gidi máa ń bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn á ti làágùn, òórùn kòkó á gba ara wọn kan, òjò á máa lu páànù lókè. Béèsì Mùbárákù á máa bọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ tí kò sì kánjú. Morìnsọ́lá á kan bọ́ sí i. Déolú, tó máa ń lù bí ẹni ń lé olè, á fi ìka lásán lu agolo nígbà yẹn, kó má bàa ba ohun tó ń gbọ́ jẹ́. Kò sẹ́ni tó máa ń patẹ́wọ́ fún irú orin bẹ́ẹ̀. 

Ọ̀rọ̀ wá yí ní ọdún tí kòkó di wúrà. Gbogbo ẹni tí bàbá rẹ̀ ní igi kòkó kan ṣoṣo ló di ọmọ ọba. Babájídé, àkọ́bí Bàbá Joseph, tí kì í wálé láti Àkúrẹ́ àfi Kérésìmesì, wá ń wálé bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń se oúnjẹ rẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kẹwàá, Bàbá ránṣẹ́ pe Déolú.

"Jídé ní ẹnì kan tó ń ra kòkó fẹ́ gba abẹ́ ulé, kó máa kó ọjà rẹ̀ sí i. Sátidé ni wọ́n ń bọ̀ wá wò ó."

"Kí lẹ̀yin wá sọ, Bàbá?"

"Kí ni kí n sọ? Ọmọ mi ni. Ó ní òun á gba alágbàṣe tí á máa bá mi kó kòkó." Bàbá Joseph ò wo ojú rẹ̀. "Ẹ ti ṣe dáadáa. Ẹ fi Sátidé yìí dágbére."

Déolú ń rò ó lójú ọ̀nà. Kò sí ibòmíràn. Wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀yìn gáréèjì rí, wọ́n ní wọ́n ń dí mọ́tò lọ́wọ́. Wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan, wọ́n ní orin wọn ò ní Jésù nínú. Bí Abẹ́ Ulé bá lọ, Morìnsọ́lá á padà sídìí maṣíìnì rẹ̀ ní Aramọkọ, Mùbárákù á gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ, ohùn yẹn àti béèsì yẹn ò sì ní jọ wà nínú yàrá kan mọ́ láyé. Ṣùgbọ́n Déolú ò lè sọ báyẹn síta. Ohun tó sọ fún wọn nírọ̀lẹ́ yẹn ni, "Ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ti rí ọgbọ́n ẹ̀."

Morìnsọ́lá ní, "Yéè! A ti gbé nìyẹn."

"Fetí sílẹ̀ ná. Bàbá ò sọ̀kalẹ̀ wá gbọ́ wa rí. Orí síméńtì òkè àjà yìí ló ti ń gbọ́ wa, ìdajì orin ló ń gbọ́. Mo máa kan ìlù kan, ẹ̀ ń gbọ́? Bí mo bá lù ú ẹ̀ẹ̀kan, á gbé Bàbá dìde lórí àga, á gbé e sọ̀kalẹ̀ wá síbí. Tó bá ti wọlé, tó dúró níwájú Morìnsọ́lá tó sì gbọ́ ohùn ẹ̀ láìsí síméńtì láàárín, ṣé ó tún lè lé wa?"

Mùbárákù ní, "Orúnkún ẹ̀ ńkọ́?"

"Ìlù náà á wo orúnkún sàn."

Dúrọ́ọ̀mù epo ńlá ni Déolú gé sí méjì. Òun àti Mùbárákù gun ọ̀kadà lọ sí Ìjerò lọ gba awọ màlúù lọ́wọ́ alápatà. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ lọ́nà, gbogbo ajá tó wà láàárín Ìjerò sí Òkè-Ìmẹ̀sí ló tẹ̀ lé wọn, tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n máa wọ ìlú, àwọn èèyàn rò pé ọdẹ ni wọ́n. Wọ́n fá a, wọ́n sá a, wọ́n fi irin dè é mọ́ dúrọ́ọ̀mù náà pinpin. Nígbà tí ìlù náà gbẹ, Déolú ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

"Jẹ́ ká gbọ́ ọ ná," Morìnsọ́lá bẹ̀ ẹ́.

"Rárá o. Ọjọ́ Sátidé. Bí mo bá lù ú nísinsìnyí, àwọn ará Aramọkọ á ti gbọ́, idán á ti bàjẹ́."

Sátidé mọ́, oòrùn yọ bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ lọ́wẹ̀. Kò sí ìkuukùu kan lójú ọ̀run. Wọ́n ti bá Bàbá Joseph sá kòkó kún pèpéle dẹ́nu, pupa rẹ̀ ń dán. Abẹ́ Ulé kún ju bó ti ń kún tẹ́lẹ̀ lọ, torí ìròyìn ti jáde pé ó ti di òpin. Èémí nìkan ìbá ti gbé àjà sókè. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́. Morìnsọ́lá kọ orin kan nípa ìyá rẹ̀, àwọn kan ń nu ojú. Wọ́n gbọ́ tí mọ́tò Babájídé dúró sókè, wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ bàtà lẹ́yìnkùlé. Àkókò ti tó. Mùbárákù wo Déolú. Déolú mí kanlẹ̀. Ó gbé igi ńlá méjèèjì, ó sì da ọwọ́ bo ìlù náà, ó ń yí i láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: *gbùrùrù-gbùrùrù-gbùù!*

Yàrá tí ìdajì rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ gbé ohùn yẹn mì, ó sì pọ̀ ọ́ síta. Ká sọ òótọ́, kò sí àrá tó tíì sán báyẹn rí láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ ìlú náà dó.

Morìnsọ́lá gbé máíkì sílẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀.

Mùbárákù bọ́ gìtá lọ́rùn. Gbogbo yàrá dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Déolú ń pariwo, "Ìlù ni! Ìlù mi ni!" ta ló fẹ́ gbọ́? Wọ́n tú jáde bí oyin. Kò sẹ́ni tó gbójú sókè wo ojú ọ̀run, torí pé wọn kì í wò ó. Ta ló ráyè wo òkè nígbà tí kòkó wà nílẹ̀? Obìnrin ará Ìjerò yẹn ti gbàjá. Àlàó ti gbá igun kan jọ. Babájídé àti ẹni tó fẹ́ ra kòkó, Máyọ̀wá lórúkọ rẹ̀, dúró létí pèpéle, aṣọ funfun báláú ló sì wà lọ́rùn Máyọ̀wá. Morìnsọ́lá ki ẹnu àpò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Ẹ dì í mú dáadáa, sà! Ẹ má jẹ́ kó dà!"

Máyọ̀wá dì í mú. Kí ló fẹ́ ṣe? Ohùn yẹn ló pàṣẹ fún un. Wọ́n da kòkó sí i, wọ́n dì í, wọ́n tún ki òmíràn bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Babájídé ń wí pé, "Ẹ dúró! Kí lẹ̀ ń ṣe? Oòrùn ń ràn!" ẹnì kan sì ti fi etí tapólì lé e lọ́wọ́, ó bá wọn fà á. Kéèyàn tó ṣẹ́jú, pèpéle ti mọ́ féfé. Kò ku ẹyọ kòkó kan nílẹ̀.

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó dúró. Wọ́n ń retí òjò. Ẹnì kan gbójú sókè. Ẹnì kejì gbójú sókè. Oòrùn ń wò wọ́n, kò mọ ohun tó ṣe.

Déolú ló jáde gbẹ̀yìn, igi ìlù méjèèjì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo wọn kọjú sí i. 

Ẹ̀rín ni wọ́n gbọ́ lókè. Bàbá Joseph ni. Ó wà lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, ó di irin mú, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé fìlà rẹ̀ jábọ́ sísàlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó nu ojú, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó tán, ó ní, "Ta ni àrá yẹn?"

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ forí jì mí. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ sọ̀kalẹ̀ wá gbọ́ wa ni."

"Gòkè wá mú mi."

Déolú sáré gòkè. Bàbá gbọ́wọ́ lé èjìká rẹ̀, ó ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orúnkún rẹ̀ ń ké. Nígbà tó dé orí pèpéle, ó fi ẹsẹ̀ ra síméńtì tó mọ́ féfé náà, ó wo àwọn àpò tó tò, ó wo Máyọ̀wá, tí aṣọ funfun rẹ̀ ti di aṣọ oko.

"Jídé."

"Sà."

"Àwọn alágbàṣe tí ùwọ ní o máa gbà fún mi yẹn. Bí àrá bá kù, kí ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe?"

"Wọ́n á kó kòkó, Bàbá."

"Rárá o. Wọ́n á kọ́kọ́ bi mí pé èló." Bàbá na ọ̀pá sí àwọn tó wà níbẹ̀, láti orí akéwì dórí obìnrin oní-silípáàsì. "Àwọn wọ̀nyí, àrá irọ́ ni wọ́n gbọ́, wọ́n sì kó kòkó tán. Ìgbà tí ẹ wà nílé, ẹ̀yin ọmọ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣé ẹ kó o báyìí rí?"

Babájídé wo ọwọ́ ara rẹ̀. Etí tapólì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Máyọ̀wá ló sọ̀rọ̀. Ó gbọn ọwọ́ rẹ̀. "Bọ̀dá Jídé, ẹ jẹ́ ká wá ibòmíràn. Àwọn tí mò ń sanwó fún ò sáré báyìí rí. Ẹni tó bá lé àwọn wọ̀nyí kúrò lábẹ́ ilé, òun ló máa jìyà ẹ̀." Ó wá yíjú sí Morìnsọ́lá. "Ẹ̀yin ni mo bẹ̀rù jù."

Bàbá Joseph fi ọ̀pá kan ilẹ̀. "Ó ti parí. Ẹ ò lọ síbì kankan. Ṣùgbọ́n ẹ tún kòkó mi sá, oòrùn ń lọ."

Ariwo tí wọ́n pa nígbà yẹn, Déolú ní wọ́n gbọ́ ọ ní Ìpótì, wọ́n sì dáhùn. Wọ́n tú àpò, wọ́n da kòkó sílẹ̀, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ. Morìnsọ́lá ń fi ẹsẹ̀ wọ́ kòkó lọ wọ́ ọ bọ̀, kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ orin. Kò sí máíkì, kò sí síméńtì láàárín. Bàbá Joseph ti jókòó sórí àpò kan. Ó gbé orí sókè. Gbogbo ìgbà tó ti ń gbọ́ ọmọ yìí láti abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò mọ̀ pé báyìí ló rí.

 Nígbà tí orin tán, ó sọ fún Déolú jẹ́jẹ́ pé, "Ọmọ yìí ní nǹkan lọ́fun."

Déolú wo Morìnsọ́lá lọ́ọ̀ọ́kán, bó ṣe ń nu òógùn ojú. "Bàbá, ẹ má sọ fún un pé mo wí o. Kò sí ẹni tó dà bíi tiẹ̀ láyé."

"Mo gbọ́ ẹ o!" Morìnsọ́lá pariwo láti ọ̀hún.

Inú ń dùn, ṣùgbọ́n Bàbá Joseph ò tíì tán. Ó ní kí wọ́n gbé ìlù náà jáde kí òun rí i. Èèyàn mẹ́rin ló gbé e. Déolú ní mẹ́rìnlá ni. Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ pa awọ rẹ̀, ó mi orí.

"Ìlù yìí ò gbọdọ̀ padà sísàlẹ̀. Kòkó ò lè máa wọlé wọ̀de nítorí ẹ. Ẹ gbé e lọ sórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Bí mo bá rí òjò lókè, èmi gan-an ni n ó máa lù ú."

"Bàbá! Ìlù mi!"

"Abẹ́ Ulé àbí ìlù?"

Déolú gbé ọwọ́ lé orí. Mùbárákù ti ń ti ìlù náà gòkè, ẹ̀rín ń pa á lọ.

Òjò gidi dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n wà láàárín orin. Ṣùgbọ́n àrá kọ́ ni wọ́n gbọ́. Wọ́n gbọ́ ìlù lókè: *gbì, gbì-gbì, gbì... gbì-gbì-gbì.* Wọ́n tú jáde. Ọlọ́run ló mọ irú ìlù tí Bàbá ń lù. Kò bá ẹsẹ̀ rìn, kò bá ọwọ́ rìn, bí ẹni ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí ẹ̀gẹ́ ni. Déolú di àpò mú, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́.

"Bàbá! Ẹ̀ ń sáré jù! Ẹ dá a dúró síbì kan!"

"Òjò ló ń sáré, kì í ṣe èmi! Kó kòkó!"

Morìnsọ́lá gbé àpò sórí. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta sílẹ̀. Ó fetí sí ìlù burúkú yẹn, ó rẹ́rìn-ín, ó wá ihò kan láàárín *gbì* kan àti *gbì-gbì* kejì, ó sì ki orin bọ ibẹ̀. Bàbá gbọ́ ọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu tiẹ̀ lọ tààrà, ó kàn ń jẹ́ kí ọmọ náà máa tún un ṣe. Mùbárákù, tí béèsì rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ń fi ẹnu ta á. Déolú gbé àpò rẹ̀ sí èjìká, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń bá ìlù yẹn rìn wọlé.